Ẹja Inú Ọmọlanke

Lójú omi, kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀

Kérésì ku ọjọ́ mẹ́ta, ilé sì ti ń pe àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ìpẹja Nerine. Hendrik Goosen, ọ̀gá ọkọ̀ náà, ní kí wọ́n ṣì wọ́ àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú ibi tí odò Chalumna ti ń wọ òkun, ní etíkun Gúúsù Áfíríkà, kí wọ́n tó kọrí sí èbúté East London. Omi ibẹ̀ jìn tó nǹkan bí 70 mítà. Nígbà tí àwọ̀n jáde, àkurákudà ló pọ̀ jù nínú ohun tó kó. Àmọ́ ẹja kan wà láàárín wọn tí Goosen, tó ti fi òkun ṣe ilé, kò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹja náà tóbi, àwọ̀ aró ni, ojú rẹ̀ sì ń dán. Goosen na ọwọ́ kàn án. Ẹja náà là ẹnu pàù, díẹ̀ ló kù kó bù ú lọ́wọ́ jẹ. Ó tó wákàtí mẹ́ta lórí pákó ọkọ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Ẹja tí wọ́n fà jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, nínú oṣù Kejìlá tó jẹ́ ìgbà ooru lọ́dọ̀ wọn, tó sì tún fi wákàtí mẹ́ta bá ikú wọ̀yá ìjà! Mi ò tíì ka ibí yìí rí kí àyà mi má já. Bí Goosen bá ní kí wọ́n dà á padà sómi, tàbí kí wọ́n kó o mọ́ ìyókù lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnìkan wà lórí ilẹ̀ tó máa ń bá a ṣa ẹja àràmàǹdà jọ. Ọdún mélòó kan ṣáájú, Goosen ti bá obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé East London kó ẹrù ìwádìí rẹ̀ dé láti erékùṣù Bird Island. Láti ìgbà náà, bí àwọ̀n bá gbé ohun tó ṣàjèjì jáde, a máa yà á sọ́tọ̀ fún un. Ẹja aláwọ̀ aró náà wọ ìdí òkìtì àkurákudà, ọkọ̀ sì yí imú sí ilé.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1938. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, Marjorie Courtenay-Latimer ń to eegun. Ẹni ọdún 31 ni. Ní 1931, nígbà tó ku díẹ̀ kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ni wọ́n fún un níṣẹ́ alábòójútó ibẹ̀, kò sì kàwé yunifásítì kankan. Ohun tó ní ni ojú tó ń ríran àti ìfẹ́ sí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyẹ títí dé orí òdòdó.

Eegun tó wà níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe eegun àná. Ti Kannemeyeria ni, ẹranko ajewéko kan tó tóbi tó màlúù, tí ẹnu rẹ̀ ṣe sóńsó bí àgógó ẹyẹ, tí ehín gígùn méjì sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu náà. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó hú u jáde nínú àpáta ní agbègbè Tarkastad. Ó ti tó nǹkan bí 240 mílíọ̀nù ọdún tí irú ẹranko yìí ti rìn lórí ilẹ̀. Iṣẹ́ eegun títò kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú: wàá gbé ọ̀kan, wàá yí i síhìn-ín, wàá yí i sọ́hùn-ún, wàá tún gbé e sílẹ̀. Ó wù ú kó parí rẹ̀ kí ọdún tó dé.

Tẹlifóònù dún. Ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà ló ń pè: Nerine ti gúnlẹ̀, ẹja wà fún un láti ṣà, ṣé yóò wá?

Ó rò ó. Ooru mú, iṣẹ́ wà nílẹ̀, ẹja tí wọ́n sì ti ń kó fún un tẹ́lẹ̀ pọ̀ nílé. Ohun tó gbé e dìde kì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rárá. Ó rántí pé àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ náà ti ṣe é lóore púpọ̀, kò sì dára kí ọdún dé kó má lọ kí wọn. Ìkíni ọdún ló gbé e lọ sí èbúté. Àwa tí a mọ̀ pé ẹni tí kò kíni ń pàdánù ni ọ̀rọ̀ yìí yé jù lọ.

Ó pe takisí. Ó mú Enoch dání, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pẹ̀lú àpò fún ẹja. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni ìtàn fi ń pe Enoch. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí gbogbo ibi tí ẹja náà gbà lọ́jọ́ náà, ọwọ́ Enoch wà níbẹ̀.

Ní èbúté, kí oòrùn tó kàtàrí

Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ tán. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Scotland ló kù lórí Nerine. Marjorie kí i kú ọdún, ó sì lọ wo òkìtì ẹja náà, kí wọ́n má bàa sọ pé ó wá lásán. Ó ń yẹ àkurákudà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí tuntun. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí ojú rẹ̀ bá nǹkan kan lábẹ́ òkìtì náà: lẹbẹ́ ẹja, àwọ̀ aró.

Wọ́n wọ́ àkurákudà kúrò, wọ́n nu omi yíyọ̀ ara rẹ̀ nù, ẹja náà sì hàn.

Ó gùn tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀, ó wọn kílò 57. Ẹni tó bá ti rí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré, tí kò tíì dúdú, tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín búlúù àti èsè àlùkò, ó ti rí àwọ̀ ara rẹ̀. Àmì funfun wẹ́wẹ́ wọ́n sára rẹ̀ káàkiri bíi ti ìyẹ́ ẹtù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ lù ú, ó ń kọ mànà, fàdákà níhìn-ín, ewé tútù lọ́hùn-ún. Ìpẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìpẹ́ tí èékánná lè họ kúrò. Ó nípọn, ó le, ó sì gun ara wọn lórí bí páànù òrùlé.

Lẹbẹ́ rẹ̀ ni kó wá wò dáadáa. Lẹbẹ́ ẹja tí a mọ̀, irú bí epìyà, láti ara ló ti ń yọ, ó sì rọ̀ bí ìwé. Ti ẹja yìí yọ lórí ẹran. Igi ẹran kúkúrú kan, tí ìpẹ́ bò, ló kọ́kọ́ ti ara jáde bí apá ọmọ ọwọ́, kí lẹbẹ́ tó wá tú ká lórí rẹ̀. Méjì wà lápá àyà, méjì wà nísàlẹ̀ ikùn, bí ẹsẹ̀ ẹran mẹ́rin. Ìrù rẹ̀ náà ṣàjèjì: ó fẹ̀ lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, àmọ́ ìrù kékeré mìíràn tún yọ láàárín méjèèjì, bí ìgbà tí ọmọ bá ń yọjú láàárín ìyá àti bàbá.

Marjorie bi bàbá ọmọ Scotland náà léèrè. Ó ní ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń fi àwọ̀n wọ́ òkun, òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Òun àti Enoch tì í wọ inú àpò, wọ́n gbé e dé ìdí takisí. Awakọ̀ rí i, ó ní kò sóhun tó jọ ọ́, ẹja tó ń rùn kò ní wọ ọkọ̀ òun. Marjorie sọ fún un pé ẹja náà kò tíì rùn, àti pé bí kò bá gbé e, òun yóò pe takisí mìíràn. Wọ́n gbà fún ara wọn, ẹja sì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ohun tí awakọ̀ náà sọ kò burú lójú ẹni tó ń wá owó jẹun, ṣùgbọ́n òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ ẹja náà lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe òun ni yóò kọ̀ ọ́ kẹ́yìn.

Ọ̀sán gangan, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Wọ́n tẹ́ ẹja náà sórí tábìlì. Marjorie kó ìwé jáde. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré ni, ìwé tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ó ṣí èyí, ó ṣí tọ̀hún, kò rí ẹja alààyè kankan tó jọ ọ́. Ibi tó ti wá rí ohun tó fara pẹ́ ẹ ni àwòrán àwọn ẹja tó ti di òkúta.

Ọkàn rẹ̀ padà sí ilé ìwé àwọn Sísítà tó lọ ní kékeré, níbi tí olùkọ́ kan ti fi ìyà jẹ ẹ́ rí nítorí pé kò fetí sílẹ̀, tó ní kó máa kọ gbólóhùn kan náà ní àkọtúnkọ, pé ẹja onípẹ̀ẹ́ líle, ẹja inú òkúta ni. Ó ń wo ìpẹ́ líle níwájú rẹ̀. Òkúta dà? Ẹran tútù ni, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, dókítà kan tó ti dàgbà, dé, ó wò ó, ó ní ẹja kọ́ọ̀dù inú àpáta lásán ni, kí ló ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu sí. Èèyàn ńlá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdébìnrin tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ wa ni ìbá ti wí pé ó dáa sà, kí a sì gbé ẹja náà sọnù.

Àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ inú àpáta ti mọ ẹja yìí tipẹ́, àmọ́ òkúta nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ọjọ́ yẹn ni Louis Agassiz, ọmọ Switzerland, yẹ ẹja kan wò nínú òkúta tí wọ́n wà jáde ní ìhà àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé àwọn eegun ìrù rẹ̀ ṣófo nínú bí igi ọparun, ó sì fi èdè Gíríìkì sọ ọ́ lórúkọ tó túmọ̀ sí oníhò-eegun. Coelacanth ni orúkọ náà, kí a máa pè é ní sílákáǹtì níhìn-ín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rí àwọn ìbátan rẹ̀ káàkiri ayé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún, nígbà tí ẹranko elégungun kankan kò tíì fi ẹsẹ̀ mẹ́rin tẹ ilẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí Kannemeyeria tí eegun rẹ̀ wà nílẹ̀ yẹn ń jẹ ewé, ẹbí ẹja yìí ti di àgbà tó ní ìtàn tó ju 160 mílíọ̀nù ọdún lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan náà kàn wá. Ní 1907, ọdún tí wọ́n bí Marjorie gan-an, ni wọ́n fún sílákáǹtì ńlá kan lórúkọ Mawsonia, láti inú òkúta Bahia ní Brazil, Bahia kan náà tí àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọ̀ sí, tí òrìṣà wọn sì wà títí di òní. Ẹja náà gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà ni Mawsonia tún jáde láti inú òkúta aṣálẹ̀ Niger, ní òkè Nàìjíríà níbí. Omi odò àti ọ̀sà ló ń gbé, kì í ṣe ẹja agbami tó lè wẹ òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Nígbà ayé rẹ̀, ilẹ̀ Brazil àti ilẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya kúrò lára ara wọn ni, ẹbí ẹja kan náà sì wà lápá méjèèjì. Mo fẹ́ràn láti máa rò pé òkun tí wọ́n wá fi ọkọ̀ kó ènìyàn kọjá lórí rẹ̀ ti fi ìgbà kan jẹ́ omi ọ̀sà tí ẹja yìí ń wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ ṣe ń gòkè bọ̀ nínú àpáta, láti orí èyí tó dàgbà bọ̀ sórí èyí tó kéré lọ́jọ́ orí, wọ́n dé ibi tí sílákáǹtì ti pòórá. Ní nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ní ìgbà tí àwọn dáínósọ̀ ńláńlá run, òkúta kò ní ẹyọ rẹ̀ kan mọ́. Gbogbo ìwé ló kọ ọ́ pé ó ti kú run. Wọn kò purọ́, ohun tí òkúta sọ fún wọn ni wọ́n kọ. Òkúta ló ní ibi tí kò dé. Ìdí àpáta lábẹ́ òkun jíjìn, níbi tí ẹrọ̀fọ̀ kì í ti í tètè bo òkú mọ́lẹ̀ kí ó sì tó di òkúta, ni ẹja náà fi ṣe ilé ní gbogbo ìgbà tí a fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán, lójú títì

Oòrùn ń mú sí i. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò ní fìríìjì tó lè gba ẹja oníkílò 57, kò sì ní agbada tó lè rẹ ẹ́ sínú oògùn. Ẹni tó bá ti gbé ẹja tútù ti ọjà dé ní ọ̀sán rí mọ iye àsìkò tó kù.

Marjorie wá ọmọlanke kan. Òun àti Enoch gbé ẹja náà lé e, wọ́n sì ń tì í lọ láàárín ìlú, ní ọjọ́ tí gbogbo ayé ń ra ọjà ọdún. Mo máa ń gbìyànjú láti fojú inú wo ọmọlanke yẹn, bí táyà rẹ̀ ṣe ń han, bí àwọn tó ń kọjá ṣe ń yí imú. Ẹ̀rí pé ẹbí kan tó ti ju 400 mílíọ̀nù ọdún lọ kò tíì kú tán wà lórí rẹ̀, omi sì ń kán nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ilé ìgbókùúsí ni wọ́n dé. Marjorie bẹ ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé kó bá òun gbà á sínú yàrá tútù. Ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí ni àwọn ènìyàn yóò wí bí wọ́n bá gbọ́ pé òun tẹ́ ẹja sí ẹ̀gbẹ́ òkú èèyàn wọn.

Wọ́n tún gba ilé ńlá tí wọ́n ti ń fi yìnyín tọ́jú oúnjẹ lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ náà kọ̀, oúnjẹ ènìyàn ló wà nínú ibẹ̀, kò ní jẹ́ kí irú ẹja bẹ́ẹ̀ wọlé.

Takisí, dókítà, ilé òkú, ilé yìnyín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tí àwíjàre rẹ̀ kò yéni. Bí ọ̀pọ̀ ohun iyebíye ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ wa náà nìyẹn, lọ́wọ́ àwọn tí kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn méjì tó wà lẹ́yìn ọmọlanke. Ọ̀kan ò mọ orúkọ ẹja náà, ó kàn dá a lójú pé ó yẹ kó ní orúkọ. Èkejì ń fi apá rẹ̀ ti ẹrù tí kò sí ẹni tó máa torí rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́, nílé Robert Center

Ẹni tó gba ẹja náà níkẹyìn ni Robert Center, oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú náà tó mọ bí a ti ń bó awọ ẹran tí a sì ń kún inú rẹ̀ kó lè dúró bí alààyè. Fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà, tí wọ́n rí jọ kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ. Lítà kan fún kílò 57! Wọn kò lè rẹ ẹja náà, wọ́n fi oògùn náà rin ìwé ìròyìn, wọ́n sì fi wé e. Marjorie gba aṣọ ìtẹ́bùsùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n fi ìyẹn náà wé e lórí ìwé ìròyìn.

Mi ò lè kọjá lára aṣọ ìtẹ́bùsùn yẹn bọ̀rọ̀. Ìyá kan ló ṣí àpótí rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ọdún, tó fa aṣọ tó mọ́ yọ, tó gbé e fún ọmọ pé kó lọ fi di ẹja.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ìjà ti wà láàárín oògùn àti ooru, ooru ló sì ń borí. Fọ́málìn kò wọnú ẹran. Lẹ́yìn Kérésì, òróró bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ẹja náà, ara rẹ̀ sì ń rọ̀. Kò tíì sí èsì lẹ́tà tí Marjorie kọ láti wá ẹni tó lè dá ẹja náà mọ̀. Marjorie gbà pé kí Center bó awọ rẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan kan gbà là. Wọ́n kó ìfun àti gbogbo nǹkan inú rẹ̀ dànù. Àwòrán tí wọ́n fi kámẹ́rà yà náà bàjẹ́. Awọ, orí àti díẹ̀ lára eegun ló ṣẹ́kù.

Alẹ́, níbi tẹlifóònù

Ẹnìkan ṣoṣo ni Marjorie mọ̀ tó lè dá ẹja náà mọ̀: J. L. B. Smith, olùkọ́ kẹ́mísírì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Rhodes ní Grahamstown, tó fi ẹja ṣe ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Ó gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, kò rí i. Smith ti lọ lo ìsinmi ọdún ní Knysna, lọ́nà jíjìn níhà ìwọ̀-oòrùn.

Bó bá jẹ́ pé Smith gbé tẹlifóònù yẹn ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú ẹja náà ìbá wà lọ́wọ́ wa. Ó gba ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó rí òmíràn. Smith tẹ ìwé pélébé ní èdè mẹ́ta, àwòrán ẹja náà wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìlérí 100 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá rí òmíràn, ó sì pín in káàkiri etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Nínú oṣù Kejìlá 1952, ní erékùṣù Anjouan nínú àwọn Comoro, apẹja kan tó ń jẹ́ Ahamadi Abdallah fi okùn ìwọ̀ fa ọ̀kan jáde. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà fi bàálù ológun gbé Smith lọ sí àwọn erékùṣù Comoro. Nígbà tó kúnlẹ̀ ti ẹja náà, ó sunkún.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé àwọn apẹja Comoro kò nílò ìwé pélébé kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹja náà wà láàyè. Gombessa ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń jẹ ìwọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóru, wọn ò sì fẹ́ràn ẹran rẹ̀ nítorí òróró inú rẹ̀. Nígbà tí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé ó ti kú run, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Kò sí ẹni tó bi wọ́n.

Láti ara àwọn tí wọ́n rí lẹ́yìn náà ni inú tí wọ́n dà nù ní East London ti wá yé wa. Orí sílákáǹtì pín sí méjì nínú, oríkèé kan wà láàárín agbárí rẹ̀, tó fi lè ya ẹnu rẹ̀ gan-an bó bá ń jẹun. Ọpọlọ rẹ̀ kéré débi pé inú agbárí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ọ̀rá. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró ògbólógbòó kan tí kò fi mí mọ́, tí ọ̀rá ti bò. Ní 1975, nígbà tí wọ́n la abo kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní New York, ọmọ márùn-ún tó ti pé tán ni wọ́n bá nínú rẹ̀: ọmọ ló ń bí. Ní 1987, Hans Fricke, ọmọ Jámánì, wọ ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré lọ bá a nílé, ó sì fi kámẹ́rà yà á bó ti ń wẹ̀. Lẹbẹ́ ọ̀tún iwájú ń lọ pẹ̀lú lẹbẹ́ òsì ẹ̀yìn, bí ẹṣin tó ń sáré kúṣẹ́kúṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rìn lórí ilẹ̀ òkun rárá.

Nítorí lẹbẹ́ yẹn ni àwọn kan ṣe sáré pè é ní bàbá ńlá gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àbùdá rẹ̀ tán ní 2013, ó hàn pé ẹja elédọ̀fóró ló sún mọ́ wa jù. Ìbátan bàbá wa ni sílákáǹtì, ẹ̀gbọ́n bàbá tí kò kúrò nínú agbo ilé omi. Kì í sì í ṣe pé ó jókòó láti ìgbà náà láìyí padà. Irú ti òní kò sí nínú òkúta kankan, àwọn ẹbí rẹ̀ àtijọ́ ni ó wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ 23

Nígbà tí Marjorie kò rí Smith lórí tẹlifóònù, ó jókòó ní ọjọ́ kejì, ó kọ lẹ́tà sí i. Ó sọ bí ẹja náà ti rí àti bí ìpẹ́ rẹ̀ ti le. Smith kò ní rí lẹ́tà náà títí di ọjọ́ 3 oṣù Kíní 1939, yóò sì sáré tẹ wáyà pé kí ó tọ́jú eegun àti ibi tí ẹja fi ń mí. Ọjọ́ 16 oṣù Kejì ni yóò tó fojú ara rẹ̀ rí i, yóò sì sọ ọ́ ní Latimeria chalumnae, orúkọ obìnrin náà àti orúkọ odò náà.

Ní ọjọ́ 23, kò sí èyíkéyìí nínú ìyẹn. Marjorie mú gègé, ó ya ẹja náà sínú lẹ́tà. Kì í ṣe ayàwòrán, ìlà rẹ̀ kò gún. Ó ya orí, ó ya ìpẹ́ díẹ̀, ó ya àwọn lẹbẹ́ lórí igi ẹran wọn. Nígbà tó dé ìdí, tí ẹlòmíràn ìbá kàn ya ìrù ẹja kó sì pa lẹ́tà dé, ó fara balẹ̀, ó sì ya ìrù kékeré tó yọ láàárín méjèèjì sí i.